Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Ẹ̀rọ Sáǹpépà Kékeré fún Mọ́dẹ̀lì Oníke Láì Yọ́ Ike

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé láti Kábbà, Ìsánlú, Mọ̀pà títí dé Ẹ̀gbẹ̀: "Mo ra ẹ̀rọ sáǹpépà kékeré láti fi tún ojú mọ́dẹ̀lì mi ṣe, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń yọ́ ike dípò kó fá a. Kí ló fà á?"

Ohun méjì ló fà á: ẹ̀rọ ń sáré jù, ọwọ́ sì wúwo jù. Polystyrene, ìyẹn ike tí wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ òfuurufú, mọ́tò àti ọkọ̀ ogun kéékèèké tí à ń tò, máa ń rọ̀ tí ooru bá ti ń sún mọ́ 100°C. Sáǹpépà tó ń yí lójú kan láì gbéra á dé ibẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú pẹ́. Ọ̀nà láti sá fún ooru yìí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ sì fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó náwó: ẹ̀rọ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ ló ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe é dópin ni mọ́dẹ̀lì ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

## Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ̀rọ gbọọrọ tí orí rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Orí rẹ̀ kì í yí rárá. Síwájú sẹ́yìn ló ń lọ, ìrìn rẹ̀ kò sì gùn. Òun ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í tètè gbóná, ó sì ń wọ kọ̀rọ̀. USB ni wọ́n fi ń ṣáájì èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Pawabáńkì tí ẹ fi ń ṣáájì fóònù ti tó, ìyẹn ni pé ẹ kò ní máa dúró de iná NẸ́PÀ kí ẹ tó ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi wébíìlì gbé e wá sí gáréèjì, ẹ ra orí àti ìdì sáǹpépà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Owó wébíìlì orí kékeré kan lè ju owó orí náà lọ.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníbátìrì. Òun ló rọ̀ jọjọ lówó. Agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí gan-an ló sì jẹ́ kó dára fún wa. A ó sọ bí ẹ ṣe máa tún un ṣe.

Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń ṣe èékánná ń lò. Ẹ lè rí i ní ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ṣọ́ọ̀bù aṣerunlóge. Orí rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí a ti ń dín eré rẹ̀ kù, ọ̀pọ̀ wọn sì lè rọra yí dáadáa. Ọ̀pá orí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.35.

Dremel (ẹ̀rọ ọwọ́ kékeré tí orí rẹ̀ ń sáré yí) àti irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lọ sílẹ̀ ju ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan lọ, wọ́n sì lè kọjá 30,000. Wọ́n dára fún irin àti fún gígé, ṣùgbọ́n eré wọn ti pọ̀ jù fún ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ti ní i nílé, ẹ lò ó ní eré tó kéré jù. Ẹ má tìtorí mọ́dẹ̀lì nìkan rà á. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pá orí tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.2, nítorí náà orí ẹ̀rọ èékánná kò lè dúró nínú rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá pààrọ̀ ẹnu tó ń di ọ̀pá mú sí èyí tó kéré.

Ti káfíńtà, èyí tó ń fá ilẹ̀kùn àti tábìlì, kò sí lára ohun tí à ń sọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún káfíńtà.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Sáǹpépà dúdú tó ń gba omi: 240 (fún orí búrọ́ọ̀ṣì nìkan), 400, 600, 800, 1000, 1500 àti 2000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni sáǹpépà ń kúnná sí i. Ẹ béèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta kun mọ́tò ní Kábbà tàbí Lọ́kọ́jà. Òun ni àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń fá pọ́tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí kòtò ara mọ́tò. Èyí tó pupa rúsúrúsú tí káfíńtà ń lò á tú sọ́wọ́ yín tí omi bá kàn án.
- Téèpù olójú méjì àti másíkíǹ téèpù
- Sílípáàsì onífóòmù tó ti gbó
- Píláyà tó ń gé wáyà, èyí tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ
- Bíléèdì tuntun
- Pẹ́ńsù àti máákà
- Abọ́ omi pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi méjì tàbí mẹ́ta
- Búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́, fún gbígbọn ike kúrò lójú sáǹpépà
- Ìbòmú àti gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú

Tínà, pẹtiróòlù àti ohun tí wọ́n fi ń nu kun èékánná kò gbọdọ̀ sún mọ́ tábìlì yìí. Gbogbo wọn ló ń jẹ polystyrene. Ọṣẹ àti omi ni ẹ máa fi fọ mọ́dẹ̀lì.

## Bí a ṣe ń sọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín di ẹ̀rọ sáǹpépà

Ẹ yan èyí tí gbogbo orí rẹ̀ ń mì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìdajì orí ló ń mì, ìdajì kejì dúró. Ìyẹn kò wúlò.

1. Ẹ yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan orí rẹ̀.
2. Ẹ fi bíléèdì gé irun búrọ́ọ̀ṣì náà kanlẹ̀. Ẹ tẹ́ sáǹpépà 240 sórí tábìlì, kí ẹ máa fi orí búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí yóò fi tẹ́jú.
3. Ẹ gé fóòmù sílípáàsì tó nípọn tó mìlímítà 2 sí 3. Kó má yọ ju orí búrọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa. Fóòmù yìí ló ń jẹ́ kí sáǹpépà tẹ̀ lé ara ibi tó bá rí roboto.
4. Ẹ lẹ téèpù olójú méjì mọ́ fóòmù, kí ẹ lẹ sáǹpépà sórí rẹ̀. Fún orí kékeré, páfọ́rétọ̀ ọ́fíìsì tí wọ́n fi ń lu fáìlì níhò á gé sáǹpépà róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 fún yín. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni kí ẹ lò, nítorí sáǹpépà á kú u lẹ́nu.
5. Tí ẹ bá ṣe orí tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sáǹpépà sí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bátìrì tó ti ń rẹ̀ kì í ṣe àbùkù fún irú iṣẹ́ yìí. Bí ó bá ṣe rọra ń mì, bẹ́ẹ̀ ni ike ń tutù.

## Iṣẹ́ àkọ́kọ́: ibi tí a ti gé ẹ̀yà kúrò lára férémù

1. Ẹ fi ẹ̀rọ dán férémù fúnra rẹ̀ wò, ìyẹn ọ̀pá ike tí àwọn ẹ̀yà so mọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀yà kankan. Ike kan náà ni, kò sì sẹ́ni tó máa lò ó. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mọ eré tó bá ike yẹn mu.
2. Ẹ fi píláyà gé ẹ̀yà náà, kí ẹ fi bíi mìlímítà 1 sílẹ̀. Tí ẹ bá gé e mọ́ ara, ike lè ya wọnú ẹ̀yà.
3. Ẹ lẹ másíkíǹ téèpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ fá.
4. Ẹ tan ẹ̀rọ ná, kó tó kan ike. Ẹ̀rọ tí a gbé lé ike kí a tó tàn án máa ń fò, á sì ha ibi tí a kò rán an sí.
5. Ẹ fi kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, ẹ gbé e kúrò. Ẹ fi àtàǹpàkò kan ibẹ̀. Tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dúró kó tutù.
6. Nígbà tí èyí tó kù kò bá ti nípọn ju bébà lọ, ẹ pa ẹ̀rọ.
7. Ẹ fi ọwọ́ àti sáǹpépà 600, lẹ́yìn náà 1000, parí rẹ̀ pẹ̀lú omi.

Ẹ̀yà tó kéré bí orí ìka ọmọdé, ẹ má fọwọ́ lásán dì í mú síwájú orí tó ń yí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi pẹlẹbẹ pẹ̀lú téèpù olójú méjì. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀yà fò lọ, tí a ó wá máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

## Iṣẹ́ tó le jù: ojú ìpàdé

Ibi tí apá ọ̀tún àti apá òsì ara ọkọ̀ òfuurufú ti pàdé ni ẹ̀rọ ti wúlò jù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Kí ẹ tó fá a

1. Ẹ ní sùúrù. Gúlù mọ́dẹ̀lì olómi máa ń yọ́ ẹnu ike méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Fún wákàtí 24 ó kéré tán, inú ibẹ̀ ṣì rọ̀. Tí ẹ bá fá a lónìí, á dán lónìí. Tí gúlù bá wá gbẹ tán, ojú ìpàdé á wọnú, ìlà á tún yọ lábẹ́ kun. Tí gúlù bá pọ̀ tó fi tú jáde, ẹ fi ọjọ́ kan kún un.
2. Ẹ dí ibi tó bá lanu. Súpà gúlù tí a pò mọ́ pàúdà ọmọdé ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fá a láàárín bíi wákàtí kan tó bá ti gan. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti le ju ike lọ: ẹ̀rọ á máa jẹ ike ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì lọ, á fi gúlù sílẹ̀ láàárín, yóò sì yọ gọngọ.
3. Ẹ ro ti ojú ọjọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú súpà gúlù gan. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, á pẹ́ kó tó mú. Nígbà òjò, ó ń tètè mú. Ẹ má wo aago nìkan, ẹ fi pẹ́ńsù igi tàbí ìtayín tẹ̀ ẹ́ wò.
4. Ẹ fi pẹ́ńsù kun gbogbo ojú ìpàdé náà. Ibi tí pẹ́ńsù bá ti parẹ́ ni sáǹpépà ti kàn. Ibi tó bá ṣẹ́kù ni kòtò wà.
5. Ẹ lẹ másíkíǹ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìpele méjì, ní bíi mìlímítà 3 sí ojú ìpàdé. Èyí ló ń gba àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ àti orí ìṣó kéékèèké lọ́wọ́ sáǹpépà.

Fífá a

6. Sáǹpépà 400 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí eré ẹ̀rọ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníbátìrì, ẹ fi aṣọ tó rin omi ọṣẹ nu ojú ike, kó kàn rin ni, kó má ṣàn. Ẹ̀rọ tó so mọ́ iná ògiri kò gbọdọ̀ rí omi rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó wà lórí ṣájà lọ́wọ́.
7. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti tó. Tí ohùn rẹ̀ bá ń wálẹ̀, ọwọ́ yín ti wúwo.
8. Ẹ máa gbé e rìn. Ara ọkọ̀ òfuurufú rí roboto, nítorí náà ẹ máa yí ẹ̀rọ tẹ̀ lé ìrísí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹni tó bá ń lọ gbọọrọ lórí ìlà nìkan á rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ òfuurufú ti di pẹrẹsẹ, pọ́tì nìkan ló sì lè tún un ṣe.
9. Ẹ máa wo ohun tó ń jáde. Tó bá jẹ́ pé ojú ibẹ̀ gbẹ, tí ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ sì kúnná bí èlùbọ́, ẹ máa bá a lọ. Tí ẹ bá rí hóró-hóró ike tó ń dán mọ́ ojú sáǹpépà, tàbí okùn tín-ín-rín tó ń fà, tàbí tí imú yín gbọ́ òórùn ike, ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò lójú ẹsẹ̀. Sáǹpépà tí hóró ike bá ti bò kì í fá nǹkan mọ́. Ooru nìkan ló ń ṣe. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
10. Nígbà tí pẹ́ńsù bá ṣẹ́kù bí okùn tín-ín-rín láàárín, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ṣí téèpù.

Píparí rẹ̀

11. Ẹ fi sáǹpépà 600, 800 àti 1000 tẹ̀ léra wọn, pẹ̀lú omi àti ọwọ́. Ẹ má fo nọ́ńbà kankan: 1000 kò lè pa ojú ọgbẹ́ tí 400 dá rẹ́.
12. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Kòtò àti òkè á yọjú.
13. Ẹ fín kun ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú sí i fẹ́ẹ́rẹ́. Kun yìí kì í purọ́. Ibi tó bá ṣì fi ìlà hàn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì.

Fún kun lásán, 1000 ti tó. Tó bá jẹ́ kun tó ń dán bíi fàdákà ni ẹ fẹ́ lò, ẹ lọ dé 2000, torí pé ibi tí sáǹpépà ha kì í fara pamọ́ lábẹ́ irú kun bẹ́ẹ̀.

## Àwọn ibòmíì tí ẹ̀rọ ti wúlò

Àmì róbótó tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ nínú ẹ̀yà: èyí tó bá yọ sókè, orí kékeré mìlímítà 6 á gé e kíákíá. Èyí tó wọnú, ẹ kọ́kọ́ fi pọ́tì dí i.

Etí ẹ̀yìn apá ọkọ̀ òfuurufú sábà máa ń nípọn jù, pàápàá ní 1/72, ìyẹn mọ́dẹ̀lì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 72 ti ọkọ̀ gidi. Inú ni wọ́n ti ń fá a, kí ẹ tó lẹ ìsàlẹ̀ mọ́ òkè. Ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti àárín wá síta, ṣùgbọ́n tó bá ku mìlímítà 2 kí ẹ dé etí, ẹ pa á. Ẹ tẹ́ sáǹpépà 400 sórí gíláàsì, kí ẹ máa fi ọwọ́ gbo apá náà lórí rẹ̀. Etí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń yọ́ ṣáájú gbogbo nǹkan, nítorí ooru kò rí ibi lọ níbẹ̀.

## Ibi tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dé

- Fèrèsé àti gbogbo ike tó mọ́ gaara. Ọwọ́ ni, láti 1500 lọ sí 2000, lẹ́yìn náà kọ́mpáùn tí àwọn oníkun mọ́tò fi ń dán mọ́tò.
- Orí ìṣó tó yọ sókè. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.
- Ẹnu ìbọn, ọ̀pá eriali, ẹsẹ̀ táyà. Wọ́n á kán.
- Ìdí táyà tí ẹ fẹ́ kó tẹ́ bíi pé mọ́tò wúwo. Ẹ gbo ó lórí sáǹpépà tí a tẹ́ sílẹ̀, ká má baà ṣe é ní wọ́gọwọ̀gọ.

## Ó ti bàjẹ́. Kí ni ká ṣe?

Ike ti yọ́, ó sì ti wú. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó ṣì gbóná. Tó bá ti le, ẹ fi bíléèdì họ èyí tó wú kúrò, kí ẹ wá fi 400 parí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́.

Kòtò ti wà níbẹ̀. Súpà gúlù àti pàúdà fún èyí tó kéré. Tó bá fẹ̀, ẹ lo pọ́tì oníhádínà ti mọ́tò, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi 400 ha ike náà ná kí pọ́tì lè mú un.

Ìlà ara ọkọ̀ ti parẹ́. Ẹ lẹ téèpù líle kan tẹ̀ lé ibi tó yẹ kó gbà, kí ẹ fi ẹ̀yìn bíléèdì fà á jẹ́jẹ́ ní ìgbà púpọ̀. Fífà kan tó wúwo á yà kúrò lójú ọ̀nà.

Sáǹpépà ń ṣí kúrò lórí ẹ̀rọ. Ooru tàbí omi ti wọ téèpù. Ẹ nu fóòmù, kó gbẹ, kí ẹ lẹ tuntun. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ tún padà wo ìgbésẹ̀ keje lábẹ́ ojú ìpàdé: ẹ ń tẹ̀ ẹ́ jù.

## Ìkìlọ̀ lórí eruku

Ẹ wọ ìbòmú nígbà gbogbo tí ojú ibẹ̀ bá gbẹ. Ẹ̀yà tí wọ́n fi resin (ike olómi tí wọ́n dà kó gan) ṣe léwu ju polystyrene lọ, torí eruku rẹ̀ kúnná púpọ̀. Omi ni kí ẹ fi fá a, ẹ má fi ẹ̀rọ fá a ní gbígbẹ. Ẹ má ṣe é lábẹ́ fáànù, ẹ má sì ṣe é níbi tí oúnjẹ tàbí ọmọdé wà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ dúró kí atẹ́gùn rọlẹ̀ kí ẹ tó fín kun ìpìlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eruku ìta á lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ẹ ti fá tán. Aṣọ tó rin ni kí ẹ fi nu tábìlì. Ìgbálẹ̀ kàn ń gbé eruku dìde ni.

## Tí kò bá sí ẹ̀rọ

Fáìlì èékánná àti búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń dán èékánná, tí ojú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra, wà lọ́jà, owó wọn kò sì tó nǹkan. Igi áísìkirimù tí a lẹ sáǹpépà mọ́ lójú méjèèjì, 400 níwájú, 800 lẹ́yìn, ń ṣe iṣẹ́ ojú ìpàdé dáadáa. Fún inú táyà àti ihò róbótó, ẹ wé sáǹpépà mọ́ ara bírò tàbí ìtayín. Ó ń pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n ike kì í yọ́ lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ní mọ́dẹ̀lì kan ṣoṣo láti tò, tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá ẹ máa to òmíràn, igi áísìkirimù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

## Kí ẹ tó kó irinṣẹ́ nílẹ̀

- Ẹ fọ mọ́dẹ̀lì pẹ̀lú omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín, kó gbẹ mọ́jú kí ẹ tó kun ún.
- Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bátìrì tó bá jò á jẹ irin inú rẹ̀.
- Ẹ nu orí ẹ̀rọ gbẹ, kí ẹ tó ṣáájì rẹ̀.
- Ẹ kó sáǹpépà sínú ọ̀rá, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Hóró 400 kan tó bá bọ́ sórí 2000 á ha gbogbo fèrèsé tí ẹ bá fi dán.